Fílítà wo ló yẹ AC ilé yín? Ìfiwéra fún àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ìbéèrè yìí máa ń pọ̀. Ooru oṣù kejì àti ìkẹta á dé, oníkálukú á tan AC tó ti pa tì látìgbà tí òtútù òwúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn tó sì ń jáde kò ní tó nǹkan. Nígbà púpọ̀, fílítà ló dí. Ẹ wá dé ṣọ́ọ̀bù láti ra òmíràn, wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì, èédú, oníṣẹ́po (pépà tàbí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́po léra) àti HEPA (èyí tó ń mú eruku tó kéré jù) síwájú yín, ẹni tó ń tajà sì ní èyí tó wọ́n jù ló dáa jù.

Èmi kò fara mọ́ ọn. Fílítà tó yẹ ilé yín ni èyí tí AC yín lè rí atẹ́gùn fà gba inú rẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín sì lè máa fọ̀ tàbí pààrọ̀ lásìkò. Èyí tó nípọn jù lè ba ẹ̀rọ jẹ́ kó tó ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé AC ara ògiri, èyí tí a ń pè ní split, máa ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé láti ìta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn inú yàrá náà ló ń fà láti òkè orí rẹ̀, ó ń gba inú fílítà kọjá sára kọ́ìlì tútù (àwọn páìpù tútù inú AC), ó sì ń fẹ́ ẹ padà sínú yàrá kan náà. Gáàsì ló ń gba inú àwọn páìpù bàbà tó jáde lọ síta, kì í ṣe atẹ́gùn. Àwọn kan nínú AC ojú fèrèsé ni wọ́n ní ibi tí èèyàn lè ṣí díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ìta lè yọ́ wọlé.

Nítorí náà, kọ́ìlì ni fílítà AC kọ́kọ́ ń dáàbò bò, ẹ̀dọ̀fóró yín ló ṣìkejì. Bí fílítà bá dí, atẹ́gùn tó ń kọjá lára kọ́ìlì á dínkù, kọ́ìlì á tutù kọjá bó ṣe yẹ, yìnyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Ẹ ṣí iwájú rẹ̀, ẹ óò rí i pé àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti funfun láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bí yìnyín náà bá ń yọ́, omi rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí páìpù omi lè gbé lọ, ìyẹn ló ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó burú jù ni pé gáàsì tó yẹ kó ti di oru kó tó padà síta á padà lọ ní olómi. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, kò lè fún nǹkan olómi pọ̀; bó ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn, òun ló sì wọ́n jù lọ nínú gbogbo ẹ̀yà AC.

Iná ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára iná sọ pé bí a bá fi fílítà tó mọ́ rọ́pò èyí tó dí, iná tí AC ń jẹ lè dínkù ní ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ra iná sórí mítà mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ẹni tó gbé AC rẹ̀ sórí bátìrì sólà á tún mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìwọ̀nba iná tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e dé òwúrọ̀.

Irú eruku tó ń wọ ilé yín

Kí ẹ tó yan, ẹ wo ohun tó ń wọlé. Máíkírọ̀n ni wọ́n fi ń wọn eruku. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí èèyàn kan sì fẹ̀ tó nǹkan bí 70 máíkírọ̀n.

Eruku ọ̀nà tí kò tíì rí ọ̀dà, irú èyí tó ń bo ilé àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, ó tóbi díẹ̀. Fílítà èyíkéyìí ló lè mú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó náà bẹ́ẹ̀: ìpínlẹ̀ wa kò sì jìnnà sí iṣẹ́ gẹdú, ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi ìlagi mọ bó ṣe ń bá afẹ́fẹ́ ọ̀sán wọlé tí á bo orí tábìlì.

Eruku ọyẹ́ yàtọ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, pàápàá láti ibi kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Èyí tó wúwo nínú rẹ̀ ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ilẹ̀ igbó tiwa, èyí tó kù sì kúnná bí àtíkè. Ó ń gba ibi tí ẹ kò fọkàn sí wọlé, abẹ́ ilẹ̀kùn àti àárín fèrèsé lúfà. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sì í rò ni pé àsìkò yẹn gan-an ni a kì í sábà tan AC lóru, nítorí òtútù. Eruku ń bà lé orí fílítà láìsí ẹni tó ń wò ó, ìgbà tí ooru bá dé la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí ẹ kò bá ní fọ fílítà ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ lọ́dún (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀), ẹ jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹ tó kọ́kọ́ tan AC.

Èéfín ló kẹ́yìn: oko tí wọ́n ń dáná sun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, kọ́ìlì ẹ̀fọn tí a gbé sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín kò tó máíkírọ̀n kan. Nẹ́ẹ̀tì inú AC kò lè mú un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo fílítà tí mo fẹ́ fi wéra yìí, ti èédú ni o, HEPA ni o, tó lè mú gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun. Jíjìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn nìkan ni àbò tó wà níbẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní kọ́rídọ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, ẹ gbé e kúrò kí ẹ tó ronú fílítà.

Nẹ́ẹ̀tì tó bá AC wá

Fílítà yìí ni gbogbo split ní. Ó máa ń jẹ́ méjì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, férémù ike pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ọ̀rá tó ní ihò wẹ́wẹ́. Irun, òwú aṣọ, òkú kòkòrò àti eruku tó tóbi ló ń mú. Kò wọ́n, ó ṣeé fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè lo ọdún púpọ̀ bí wọn kò bá sá a sóòrùn.

Àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́lẹ́. Èmi gbà pé òun ló bá ilé tó pọ̀ jù l'Ákùúrẹ́ mu, ìdí rẹ̀ sì ni agbára fáànù. Fáànù inú split kò lágbára púpọ̀, atẹ́gùn tó lè rọra kọjá láàárín nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún. Ohunkóhun tó bá nípọn ju ìyẹn lọ, àfi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe AC náà bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, fáànù á máa fà, kò ní rí fà. Àìsàn kan náà ni AC tí wọ́n ki fílítà nípọn sí ń ṣe pẹ̀lú AC tí fílítà rẹ̀ dí.

Níbí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín nípa nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni fóòmù. Àwọn èèyàn máa ń gé fóòmù tí wọ́n yọ lára tìmùtìmù, tàbí aṣọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n á tẹ́ ẹ lé orí fílítà kí eruku má baà wọlé. Ẹ má ṣe é. Ìkejì ni àwọn oníṣẹ́ tó máa ń yọ fílítà kúrò pátápátá, tí wọ́n á ní kí AC lè fẹ́ dáadáa. Òótọ́ ni pé á fẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, eruku á lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì tó lómi lára, á di ẹrẹ̀ sáàárín àwọn irin wẹ́wẹ́ yẹn, omi àti kẹ́míkà ni wọ́n á fi fọ̀ ọ́, owó iṣẹ́ ni ẹ ó sì san. Ó dùn mí pé ẹni tí a ń pè láti tún un ṣe ló ń fúnni nímọ̀ràn yìí.

Èédú àti àwọn pẹlẹbẹ aláwọ̀ mèremère

Ní àwọn AC kan, ẹ óò rí ààyè kékeré lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi pẹlẹbẹ kan sí, tó gùn bíi rúlà. Dúdú ni ti èédú. Òórùn ló ń mú: òórùn epo gbígbóná, ti sìgá, ti ẹja yíyan tó ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Eruku kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí èédú náà bá ti mu òórùn yó, iṣẹ́ rẹ̀ tán, fífọ̀ kò sì lè dá a padà. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n sábà ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilé yín kò bá ní ìṣòro òórùn, ẹ lè yọ ọ́ kúrò pátápátá, AC kò ní mọ̀.

Àwọn pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n kọ fítámì tàbí fàdákà sí lára, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi owó wá wọn kiri. Wọ́n kéré púpọ̀ sí ojú fílítà, atẹ́gùn tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ gba ibi tí wọ́n wà kọjá.

Oníṣẹ́po àti nọ́ńbà MERV

Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ló sábà máa ń dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan ló ń mú gbogbo ilé gbóná nígbà òtútù, èyí tó pọ̀ nínú wọn tún ń mú un tutù nígbà ooru, ihò afẹ́fẹ́ sì ti ibẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Fílítà kan náà ló ń bá a ṣiṣẹ́ méjèèjì. Èyí tó pọ́ọ́kú jẹ́ òwú gíláàsì pẹlẹbẹ. Èyí tó dáa jù ú lọ jẹ́ pépà tàbí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́po léra kí ojú rẹ̀ lè pọ̀.

MERV ni òṣùwọ̀n wọn, láti 1 dé 16, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ASHRAE ló ṣètò rẹ̀. MERV 8 gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tó wà láàárín máíkírọ̀n 3 sí 10. MERV 13 gbọ́dọ̀ mú ìdá 90 nínú irú eruku yẹn, ó sì tún gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 50 nínú àwọn tó kéré jù, láti 0.3 sí 1. Àjọ EPA, tó ń mójú tó ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn èèyàn lo MERV 13, tàbí èyí tó ga jù tí ẹ̀rọ wọn bá lè gbà. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í rántí kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan yín bí ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ọ́fíìsì yín bá ní AC tó farapamọ́ sínú síìlíìnì, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MERV 8. Ẹ má gun òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ agbára fáànù náà. Bí àyè bá wà fún èyí tó nípọn íǹṣì mẹ́rin, ó sàn ju oníǹṣì kan tí nọ́ńbà MERV rẹ̀ jẹ́ kan náà, torí ojú rẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn á rọra kọjá. Ọfà wà lára férémù rẹ̀. Apá ibi tí fáànù wà ni kó kọjú sí. Oníǹṣì kan kì í sábà kọjá oṣù mẹ́ta, nígbà ọyẹ́ kò sì yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé fọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìwọ̀n tó wà lára páálí kì í ṣe ìwọ̀n gidi: èyí tí wọ́n kọ 16x25x1 sí lára máa ń fi nǹkan bí ìdajì íǹṣì kéré. Èyí tó ti gbó ni kí ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ní split lásán, ọ̀rọ̀ MERV kò kàn án. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gé e tí á bá a mu.

HEPA: ẹ má kì í sínú AC

HEPA tòótọ́ ń mú ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tó jẹ́ máíkírọ̀n 0.3. Kò sí ohun tó dà bí i rẹ̀ fún èéfín àti eruku ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ó nípọn, ó sì ní láti ní fáànù tirẹ̀. Nítorí náà, inú ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́, tó ń dá dúró nílẹ̀, ni ẹ ó ti lò ó. AC á máa mú yàrá tutù pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀rọ kejì á máa fọ atẹ́gùn.

Bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ yẹn, ẹ wá nọ́ńbà CADR lára páálí rẹ̀. Ó ń sọ bí atẹ́gùn mímọ́ tó ń jáde níṣẹ́jú kan ṣe pọ̀ tó. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ wá ìwọ̀n yàrá ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Yàrá 12 sí 12 jẹ́ 144. CADR rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 96 kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà níṣẹ́jú kan. Bí páálí bá kọ ọ́ ní kúbíìkì mítà ní wákàtí kan, 96 yẹn já sí nǹkan bí 163. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n kọ «HEPA type» sí láìsí ìdá kankan níbẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún èyí tó ń fi yangàn pé òun ń pèsè ozone, torí ozone fúnra rẹ̀ ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni fílítà rẹ̀ sábà ń lò, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ó ti máa rí òmíràn rà kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí fílítà rẹ̀ kò sí lọ́jà, fáànù lásán ni yóò dà.

Bí fèrèsé lúfà bá wà nínú yàrá náà tí kò pàdé, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀rọ kan kò lè máa fọ afẹ́fẹ́ gbogbo àdúgbò.

| Irú | Ohun tó ń mú | Ó yẹ split? | Ìtọ́jú |
|---|---|---|---|
| Nẹ́ẹ̀tì | Eruku tó tóbi, irun, kòkòrò | Bẹ́ẹ̀ ni | Fífọ̀ |
| Èédú | Òórùn | Bí àyè rẹ̀ bá wà | Oṣù 3 sí 6, pààrọ̀ |
| Oníṣẹ́po, MERV 8 | Eruku tó kúnná díẹ̀ | Rárá. AC inú síìlíìnì | Pààrọ̀, ó pẹ́ tán oṣù 3 |
| HEPA | Èéfín, eruku ọyẹ́ | Rárá. Ẹ̀rọ tirẹ̀ | Oṣù 6 sí 12, pààrọ̀ |
| Fóòmù àgékù | Ó ń dí ẹ̀rọ | Rárá | Ẹ yọ ọ́ |

Ilé yín ńkọ́?

Bí ẹ bá ń gbé ibi tí títì ti dé, bí Ìjàpọ̀ tàbí Alágbàká, tí ara gbogbo ará ilé sì le, nẹ́ẹ̀tì ti tó yín. Bí eruku ọ̀nà bá ń bò yín, nẹ́ẹ̀tì náà ni, àmọ́ fífọ̀ ni kó pọ̀ sí i, kì í ṣe kí fílítà nípọn sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ oníyàrá kan ní agbègbè FUTA tí ẹ ń lo AC ojú fèrèsé, tiyín lè jẹ́ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi sí i. Ìyẹn kò burú, ó ṣeé fọ̀.

Bí ọmọ tàbí àgbàlagbà tó ní àsímà bá wà nínú ilé, ibẹ̀ ni mo ti máa ní kí ẹ náwó. Ẹ má fi ra fílítà olówó ńlá fún AC pálọ̀. Ẹ fi ra ẹ̀rọ HEPA kan fún yàrá tí ẹni náà ń sùn, kí ẹ sì mú kọ́ìlì ẹ̀fọn kúrò nínú yàrá yẹn, kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dípò rẹ̀. Oògùn tí dókítà fún un kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí ẹ̀rọ.

Fífọ̀ àti pípààrọ̀

Ẹ pa AC, ẹ yọ ọ́ lára iná. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè títí tó fi dúró fúnra rẹ̀. Ẹ ti etí fílítà sókè díẹ̀ kó lè yọ nínú ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rọra fà á sísàlẹ̀. Ojú tí eruku bò ni ojú tó ń kọ síta. Ẹ jẹ́ kí omi wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí eruku lè padà gba ibi tó gbà wọlé. Bí ẹ bá rọ omi sójú eruku, ẹ̀ ń tì í wọnú ihò nẹ́ẹ̀tì ni. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó, kó má kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ọṣẹ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ẹ má lo bílíìṣì, ẹ má lo pẹtiróòlù.

Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, níbi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn kò sí. Oòrùn ọ̀sán á ká férémù ike náà, bó bá sì ti ká, kò ní pàdé mọ́ lójú rẹ̀, eruku á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ má sì dá a padà ní tútù. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ kún fún ọ̀rinrin, irú ohun tó ń hu lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ máa ń hu lára fílítà àti kọ́ìlì. Òun ló ń fa òórùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde bí ẹ bá tan AC. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó máa hù, ẹ yí rìmóòtù sí fáànù nìkan fún bí ìdajì wákàtí kí inú rẹ̀ lè gbẹ.

Ẹni tó ń tan AC lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kó máa fọ nẹ́ẹ̀tì; lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Màmá àgbà tó ń dá gbé kò gbọdọ̀ gun àga nítorí èyí. Ẹ fi iṣẹ́ náà lé ọmọdé ilé kan lọ́wọ́.

Bí nẹ́ẹ̀tì bá ya, tí férémù ká, tàbí tí ìkọ́ rẹ̀ kán, àsìkò pípààrọ̀ ti tó. Ẹ ya fọ́tò sítíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ AC inú ilé, torí nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ẹni tó ń tajà nílò. Ẹ̀rọ méjì tí agbára wọn jọ jẹ́ 1.5HP lè má lo fílítà kan náà. Ẹ gbé ògbólógbòó náà dání, kí ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Fún èédú àti HEPA, ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ fi sí i sí etí férémù rẹ̀, kó má baà di pé ẹ óò máa ṣe àròjinlẹ̀ lórí oṣù tó ti lò.